Ẹni Tí Ó Ra Alùpùpù Kò Ra Etí Aládùúgbò

Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kòkòrò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń jẹ lóde òní, irin ni. Ọ̀pá èéfín alùpùpù ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní eṣapumáà. Wọ́n ń tú u nínú àgbàlá ilé wọn, lábẹ́ igi máńgòrò, láìsí ọ̀gá kan tí ó dúró tì wọ́n. Wọ́n ń yọ ìfun rẹ̀ dànù, tàbí kí wọ́n fi òmíràn tí ń bú bí ààrá rọ́pò rẹ̀. Hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ń gbọ́.

Àwa olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Yàrá ìkàwé wa kò ní gíláàsì lójú fèrèsé. Ihò ni a dá sí ara ògiri kí atẹ́gùn lè wọlé, ibi tí atẹ́gùn gbà náà ni ariwo ń gbà. Bí a bá ń ka àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì sixième, tí alùpùpù kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnù wá tí ó ń lọ sí Paraku, a ní láti dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Nígbà tí a bá padà sórí gbólóhùn náà, ìdajì kíláàsì ti gbàgbé ibi tí a bá a dé. Ọmọ tí kò gbọ́ gbólóhùn kò lè kọ ọ́, ẹni tí ó sì kọjá lórí alùpùpù kò mọ̀ pé òun gba máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá èéfín, kí ó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí gáráàjì, kí ó sì sanwó fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Kí ó má ṣe é nílé. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. A ti gbọ́ àwíjàre wọn. Mẹ́ta ni, a ó sì dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú irin tí à ń jà lé lórí.

Nínú ẹ́ńjìnnì, epo ń gbiná ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí ohun tí yóò pa ìró náà, ṣe ni yóò máa jáde bí ìró ìbọn. Ní ọdún 1897, Milton Reeves àti Marshall Reeves, ará ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n tí à ń lò lónìí kò ṣòro láti lóye: yàrá kéékèèké wà nínú ọ̀pá náà, páìpù tí a lu ihò sí lára sì wà láàárín wọn. Ìró á kọlu ògiri, á padà, á pàdé ìró ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á sì pa ara wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa gbà pé àwọn yàrá wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí alùpùpù sáré. Wọ́n ṣi í gbọ́. Lára ẹ́ńjìnnì tí à ń da òróró pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, ìrísí ọ̀pá èéfín gan-an ni ó ń ti epo tí kò tíì jó padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó má baà ṣòfò. Ẹni tí ó gé e ti gé agbára alùpùpù rẹ̀ pẹ̀lú. Lóòótọ́, àwọn ọ̀pá kan wà tí a ṣe fún eré ìje. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi irú wọn sí i gbọ́dọ̀ tún bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń pò pọ̀ ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì lè gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ta ni ó ń ṣe èyí lábẹ́ igi máńgòrò? Ariwo nìkan ni wọ́n ń rà. Àgbá òfìfo ni ó sì ń pariwo.

Àwíjàre kìíní nìyí: “Owó mi ni mo fi rà á, ẹni tí ó ni orí ni ó ni fìlà.” A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kun alùpùpù rẹ̀ ní pupa, kí ó kùn ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ olówó iyebíye bo ìjókòó rẹ̀, kí ó fi bò ó. Ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kò kúrò lára alùpùpù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti ẹnu ọ̀pá èéfín jáde kì í ṣe ti oní-alùpùpù mọ́. Ó ń wọ etí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ó ń wọ etí arúgbó tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì ń wọ imú ẹni tí ń dín àkàrà lẹ́bàá títì. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala 27 pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó dára fún ìlera, ó sì jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Ní ọdún 2001, ìjọba Benin gbé àṣẹ kan jáde lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, ó sì gbé òmíràn jáde lórí ariwo. Orí ni tìrẹ, fìlà ni tìrẹ. Etí wa kì í ṣe tìrẹ.

Àwíjàre kejì ni ó wúwo jù, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀: “Owó gáráàjì ti pọ̀ jù.” A kò ní fi ara wa pamọ́ níbí. Àwa náà ti sọ ọ́ rí, a sì ti ṣe é rí. Ọ̀pá èéfín alùpùpù wa dípẹtà títí ó fi lu. A ra òmíràn lọ́jà, èyí tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù náà, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó tà á búra pé ó bá a mu. Mẹkáníìkì béèrè 2000 fáráǹkì fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. A kọ̀. A ní, àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, kí ni a fẹ́ fi nọ́ọ̀tì méjì pè? Òrùka pẹlẹbẹ tí ń dí àlàfo láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá, tí ó yẹ kí a fi tuntun pààrọ̀, ti àtijọ́ ni a dá padà. Irin tí ń bo ọ̀pá kí ó má baà jó ẹsẹ̀ ènìyàn kò bá ọ̀pá tuntun mu. A jù ú sí kọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, a gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọdún 7, bọ̀ láti ọjà. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fara kan ọ̀pá náà, awọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ irin. A kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Owó tí a ná lórí ìtọ́jú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí mẹkáníìkì béèrè. Owó ti lọ, àpá wà níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí ó bá wọ aṣọ ilé ìwé ni à ń rí i.

Nígbà tí a wá gbé alùpùpù náà lọ sí gáráàjì, ọmọ iṣẹ́ kan tí a ti kọ́ rí ní kíláàsì ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kí ó tó fọwọ́ kan sípánà, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Mọsiyé, irin tí ó yẹ kí ó bò ó dà?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ìbéèrè yẹn ni à ń sanwó fún ní gáráàjì. Ẹnikẹ́ni lè yí nọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ tí kò sí.

Àwíjàre kẹta ni pé: “Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ṣé ẹ̀yin olùkọ́ kò fẹ́ kí ọmọ lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ ni?” A fẹ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìgbójú. Ọmọ iṣẹ́ yẹn gbálẹ̀ gáráàjì, ó fọ irin, ó sì wo ọwọ́ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kí a tó jẹ́ kí ó tú ohun kan fúnra rẹ̀. Òbí rẹ̀ sanwó ìkọ́ṣẹ́. Ó ń retí ìdánwò CQM, ó sì ń retí ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, tí àwọn ẹbí yóò pé jọ, tí wọn yóò da páúdà sí i lórí. Bí ọjọ́ náà bá dé, ta ni yóò gbé iṣẹ́ wá fún un, bí gbogbo wa bá ti sọ àgbàlá wa di gáráàjì? A kò lè máa sọ fún àwọn ọmọ tí kò rí BEPC gbà pé kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́, kí a sì kọ̀ láti ná owó wa lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má ṣe rò pé a ń gbè sẹ́yìn àwọn ọlọ́gáráàjì. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n ń gé ìfun ọ̀pá èéfín fún àwọn ọmọdékùnrin, nítorí owó tí kò tó ra oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún ìran tí ń bọ̀. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn sanwó, ó yẹ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Kí ọ̀gá sọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi òrùka tuntun sí i, kí ó sì fi ti àtijọ́ han oní-alùpùpù. Kí ó dá irin ìbòjú padà sí àyè rẹ̀. Kí ó sì ní ẹnu láti sọ pé: “Èmi kò ní gé e.”

Ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé wà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí ó wò ó bóyá nọ́ọ̀tì ti ń yẹ̀. Kí ó wo oríta ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì: bí ó bá rí èérí dúdú níbẹ̀, èéfín ń jò. Kí ó má ṣe ta alùpùpù nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a tì, nítorí pé afẹ́fẹ́ májèlé kan wà nínú èéfín náà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn níbi tí ó jókòó sí. Kí ó má ṣe dán an wò nítòsí ìgò epo kpayo. Bí ọ̀pá bá sì jó ọmọ, omi tútù ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe fi epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Lẹ́yìn èyí, gáráàjì ni ó kù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra alùpùpù fún ọmọ, ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ tó jẹ́ kí ó gbé e jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ariwo yín tí ó ń yìn yín. Ìdákẹ́ wa kì í ṣe ìyìn, à ń dúró kí ẹ kọjá ni. Àwa ti fi 2000 fáráǹkì pamọ́ rí. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ wa ni ó san án.