Àwo Orin Bàbá Àgbà

Ìfẹ́ gírámófóònù a máa bẹ̀rẹ̀ ní yàrá bàbá àgbà. Ọmọdé á yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, á gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ohùn ẹni tó ti kú tipẹ́ á sì jáde láìsí iná mànàmáná. Ó di bárakú títí ọjọ́ alẹ́ nìyẹn.

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Ó ṣeni láàánú pé ààtàn ni àwọn ilé mìíràn ń da irú wọn sí. Ilé tó bá ṣì ní in, kí wọ́n tò ó ní ìnàró. Ó ń fọ́ bí abọ́ tánganran. Kí wọ́n má sì fi sípíríìtì nù ún: oje kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, yíyọ́ ni yóò yọ́.