Ẹnu Àáké ní Takadanobaba

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé sú la sábà máa ń fi òwe yìí kì láyà, bí ẹni pé agbára apá ló ń sọ. Lójú tèmi, ẹnu ló ń sọ. Àáké tó bá kọlu òkúta, ẹnu rẹ̀ ni yóò kú. Ẹni tó bá ń ṣàánú ẹnu mímú, kó lọ máa la igi.

Ní Takadanobaba àti Shin-Okubo ní Tokyo, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ èdè fún àjèjì pọ̀ sí, àgbàlagbà tó ti gboyè yunifásítì nílé rẹ̀ ni yóò tẹrí ba sórí ìwé alápòótí kéékèèké bí ọmọ jẹ́léósinmi. Nínú katakana, ọ̀kan lára ọ̀nà ìkọ̀wé èdè Japan, ‘so’ àti ‘n’ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ìlà kékeré kan, ìlà gígùn kan. Bí ìlà gígùn bá ti òkè wá sísàlẹ̀, ‘so’ ni. Bó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, ‘n’ ni. Àmì 46 ni katakana ní, hiragana tó jẹ́ ìkejì rẹ̀ náà ní 46, àmì kanji 2,136 tí ìjọba kà sí ti ojoojúmọ́ sì ń dúró lẹ́yìn wọn.

Orúkọ pàápàá kò lọ láìfarapa. Èdè Japan kò ní ‘gb’, kò sì ya ‘l’ sọ́tọ̀ sí ‘r’. Gbénga di Gubenga, Ọlá di Ora. (Ohùn nìkan ni kò ní ṣe ọmọ Yorùbá ní kàyéfì: ní Tokyo, bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ‘hashi’, igi ìjẹun ni, bó bá gòkè, afárá ni. Ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ ti gbọ́.)

Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti gbàwé àṣẹ láyè iṣẹ́ wákàtí 28 lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu àáké. Wọ́n á wá iṣẹ́ òru tí a ti ń to ìrẹsì àti ẹja sínú ike, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì sùn ní kíláàsì. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣeré, n kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò kú níbẹ̀ kò kan oyin.

Ẹni tó dúró nídìí káńtà konbini, ṣọ́ọ̀bù tí kì í tilẹ̀kùn, ń ṣìsọ lójú gbogbo ayé. Àwa mọ ‘o’ yàtọ̀ sí ‘ẹ’. Tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. ‘Taberu’ ni kéèyàn jẹun, ‘meshiagaru’ ni ti oníbàárà, ‘itadaku’ ni ti ẹni tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Yóò sọ ti ara rẹ̀ fún oníbàárà, yóò tọrọ àforíjì, yóò tún un sọ. Bí ọ̀gá bá ké pe Gubenga látẹ̀yìn, ó ti dáhùn ‘hai’ kó tó rántí pé orúkọ òun kọ́ nìyẹn.