Ìdánwò Tó Yẹ Ọmọ Àgbádárìgì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgbádárìgì ló mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ìwé ẹ̀rí ni kò sí lọ́wọ́ wọn. CompTIA A+ jẹ́ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ kárí ayé.

Ìdánwò méjì ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìbéèrè 90 lọ, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Láti 100 dé 900 ni máàkì rẹ̀: 675 ni wọ́n fi ń yege nínú ti àkọ́kọ́, 700 nínú ìkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ka 675 sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè o, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wọn máàkì náà.

Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ká kàn mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Àwọn ìbéèrè kan máa ń gbé ìṣòro ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́, pé kó yanjú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó ti ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yẹ.

Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e, ọdún 3 péré ni ìwé ẹ̀rí náà sì ń lò. Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì san owó ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ tó bá yege nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀.