Ọjà Wa Kún Bouaké, Orúkọ Wa Kò Sí Nínú Ìwé Àgbàṣe

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, kò sílé Yorùbá tí ojú wọn ò sí ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Super Eagles ń kojú South Africa nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Stade de la Paix. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1, Nwabali mú pẹnáritì méjì, a sì jáwé olúborí 4-2. A jó, a yọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló tún pápá náà ṣe. Àwọn Pọtogí ni, ilé-iṣẹ́ Mota-Engil. Pápá Ebimpé, níbi tí Côte d'Ivoire ti nà wá 2-1 nínú àṣekágbá nígbà tó di ọjọ́ 11, àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ Bouaké kì í ṣe ìlú àjèjì fún wa. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, àwọn ọmọ Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń ná ọjà ibẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ọjà ńlá ìlú náà jóná ní 1998. Ó di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2019 kí Macron àti Ouattara tó jọ fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀. Gbèsè tí Côte d'Ivoire jẹ Faransé ni wọ́n fi ṣe é: Côte d'Ivoire a san án, Faransé a dá a padà fún iṣẹ́ ìlú. Tí ọ̀rọ̀ bá di ká gba ìsọ̀ níbẹ̀, a ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tò. Nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń rí i ṣe ò pamọ́. Julius Berger wá láti Jámánì ní 1965 nítorí Afárá Èkó. Nígbà tó di 1970, ó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ó sì ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ọmọdé òde òní ò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọmọ Èjìgbò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sokoura, ní Bouaké níbẹ̀. Òfin òwò tó wà lórí rẹ̀ ni ti OHADA, àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Port-Louis ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993. Orílẹ̀-èdè 17 ló ń lò ó. Benin àti Togo wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ìta wá lè kọ́kọ́ la ẹ̀ka, àmọ́ láàárín ọdún méjì, ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ di ti ilé-iṣẹ́ abẹ́lé, àyàfi tí ìjọba bá yọ̀ǹda.

Ibi tó ti ń dun èmi gan-an ni ti UEMOA, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà. Láti 2005 ni wọ́n ti ní ìlànà kan lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba: wọ́n lè fi ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn ṣíwájú pẹ̀lú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní kọngílá láti Èjìgbò ní òun á ṣe iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù 100 sẹ́fà, ti Kétu ní Benin wá dá 110. Tí wọ́n bá fi ìdá 15 yẹn lé ti Èjìgbò, ó di 115. Ará Kétu ló gbéṣẹ́ lọ. Ọmọ Odùduwà làwọn méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n fi ń ṣépè. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní 1889 ló là wọ́n. (Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti òkè òkun wá ní ìlànà tirẹ̀, torí náà ìdá 15 yìí kì í ṣe ti gbogbo iṣẹ́.)

Ṣùgbọ́n ibi tí olú ilé-iṣẹ́ wà ni òfin náà ń wò, kò béèrè ibi tí wọ́n sin olóbi ẹni sí. Ọmọ Èjìgbò tó bá lọ sí CEPICI, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó fi Bouaké ṣe olú, ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ará Kétu. Ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Mo mọ ìdí tí wọn ò fi ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn bàbá wa ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Bouaké fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ ní 2002, ó di 2011 kí ara tó rọ̀ ọ́. Ẹni tójú rẹ̀ rí irú èyí á fẹ́ràn ohun tó ṣeé dì sínú ọkọ̀, á sì fi èrè rẹ̀ kọ́lé sí Èjìgbò. N ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a kò kọ orúkọ sí ló kọ́kọ́ ń sọnù lọ́jọ́ rògbòdìyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí àpòòwé àwọn tó ń du iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó díje lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbẹ̀. Wọ́n á ya àpòòwé lójú gbogbo wọn, wọ́n á pe orúkọ ilé-iṣẹ́, wọ́n á ka iye tó dá sókè, wọ́n á wò ó bóyá báńkì ṣe onídùúró fún un. Ìwé owó orí ńkọ́? Ìwé CNPS tó fi hàn pé ò ń sanwó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ńkọ́? Ibí yìí gan-an la ti ń kọsẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a mú wá láti ilé, tó ń sun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí a óò dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kankan. Olówó ni ọ̀gá rẹ̀, ó lè ra gbogbo àga ilé ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò kàn níwèé tó máa fi dúró ni.

Ìjọba a máa pẹ́ sanwó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó bá fi owó èlé ṣe iṣẹ́ ìjọba lè sunkún. Torí náà, àga, aṣọ òṣìṣẹ́, ìwé àti yíǹkì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba abala iṣẹ́ lọ́wọ́ kọngílá ńlá.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Bouaké, ẹ sáà ní akọ̀wé tó gbọ́ Faransé. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ kó máa ka ìpolówó iṣẹ́ ìjọba tó jáde sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín, kó tó kan ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí.