Ọmọ Tó Ń Ta Àgbọn Kì Í Ṣe Òmùgọ̀

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ Aradagun, ọ̀rọ̀ kan ti di àdúrà lẹ́nu wa: "Ọmọdé ò mọ nǹkan kan; bí olùkọ́ bá fún un láyè, orí olùkọ́ ni yóò gùn." Irọ́ ni.

Ẹ lọ dúró sẹ́bàá màrosẹ̀ Àgbádárìgì nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbé àgbọn rù. Dánfó yọ, ó ti mọ èrò tí yóò rà àti èyí tó kàn fẹ́ nájà lásán. Ó mọ iye tó lè já kúrò, ó sì ti ka ṣéńjì kí kọ̀ndọ́ tó lu ara ọkọ̀. Ta ló na án kó tó mọ̀ ọ́n? (N ò ní kí ọmọ máa kiri o.) Ọmọ yìí kan náà, bílẹ̀ bá mọ́, á jókòó sí kíláàsì bí ẹni tí wọ́n gbé ahọ́n rẹ̀ pamọ́. Lẹ́bàá títì, òun ló ń pinnu. Ní kíláàsì, kó ṣáà da ojú pátákó kọ ni.

Ìfẹ́ inú ló ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe ìfipá. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1971, Edward Deci, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní eré àtòpọ̀ kan ṣe, ó sì sanwó fún apá kan. Nígbà tówó dúró, ìfẹ́ eré náà rọ̀ lára àwọn tó gbowó. Bí owó tó dùn bá lè pa ìfẹ́, pàṣán ńkọ́?

Ẹ ní àṣà òyìnbó ni kí ọmọ máa yàn fúnra rẹ̀? Kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, àwọn ọmọ ti ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ọmọ tí àlọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń pa á.

N ò ní kí ọmọ yàn bóyá òun á kọ́ ìsọdipúpọ̀. Méje lọ́nà mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orí àròkọ mẹ́ta sójú pátákó: àgbọn, ẹja ọ̀sà, eégún Zangbeto. Kí kálukú mú ọ̀kan. Ẹ fún wọn ní ìṣirò mẹ́wàá, kí wọ́n yan mẹ́fà, kí wọ́n sọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Ègùn fi èdè Ègùn jiyàn láàárín ara wọn kí wọ́n tó dáhùn.

Kíláàsì kún, mo mọ̀. Yíyàn ò gba àga, kò gbówó ìjọba. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì kan. Bí ariwo bá sọ, kẹ́ ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí: ó lè jẹ́ orí àròkọ ni wọ́n ti ń jà.