Irúgbìn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nígbà tí a bá ń wúre fún ìjòyè tuntun, a kì í ṣàì mẹ́nu ba tẹ̀tẹ̀. A ó ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, gbogbo ènìyàn yóò sì dáhùn pé, "Àṣẹ!" Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde nínú àwùjọ náà tí ó bèèrè pé, "Ẹ̀yin àgbà, ní ẹ̀yìnkùlé ta ni tẹ̀tẹ̀ wà lónìí?" ẹ̀rù ń bà wá pé ojú yóò ti púpọ̀ nínú wa. Ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń gbin ẹ̀fọ́ sí, sìmẹ́ńtì ni a dà lé e lórí, ọkọ̀ ni a sì ń gbé síbẹ̀. Owó ni a fi ń ra ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. A kò mọ ẹni tí ó gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ irú omi tí ó fi wọ́n ọn.

Kì í ṣe owó ọjà nìkan ni ó mú wa kọ̀wé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í ṣe ohun àmúṣeré mọ́. Ìjọba ti pè wá sí oko rí. Ní 1976 wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè bọ́ ara rẹ̀. Ní 1980 wọ́n fi orúkọ mìíràn pe ìpè kan náà. A gbin nǹkan fún ìgbà díẹ̀, a sì padà sí bí a ti wà. Ohun tí ó ń dùn wá jù ni ti irúgbìn. Ẹ̀fọ́ tí a kò gbìn lọ́dún yìí, a lè gbìn ín lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń pa irúgbìn mọ́ bá kú, tí a kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni a ó ti rí i?

Ẹ jẹ́ kí a fi ilá ṣe àpẹẹrẹ. Ilá kúkúrú, tí ó ń so kíákíá, ni ó kún ọjà, òun náà sì ni gbogbo ayé ń gbìn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní òmíràn, tí igi rẹ̀ lè ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n ń gbìn sí etí ọgbà, tí kì í fẹ́ so títí òjò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ilá kúkúrú bá ti kú, tí ilá sì wọ́n lọ́jà, ìgbà náà gan-an ni èyí ń so, títí wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀. Lónìí àwọn onímọ̀ ewéko ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: Abelmoschus esculentus ni wọ́n ń pe ti kúkúrú, Abelmoschus caillei sì ni ti gíga. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín àti àárín Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Bí ó bá parun lọ́wọ́ wa, kò sí èbúté kan tí ọkọ̀ yóò ti gbé e padà wá fún wa.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí èmi akọ̀wé yìí ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo sọ nígbà kan pé kí olúkúlùkù mú irúgbìn ẹ̀fọ́ kan wá láti ilé. Agolo àti pálí ni púpọ̀ nínú wọn gbé wá, tí a ya àwòrán kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì sí lára. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó tú ìdí aṣọ tí ìyá rẹ̀ àgbà so ránṣẹ́: irúgbìn ewédú ni. Ó ní ìyá náà ní kí a kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná, kí a sì tètè yọ ọ́, kí a tó gbìn ín. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín pé a fẹ́ se irúgbìn jẹ. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà rẹ́rìn-ín. A pín in sí ọ̀nà méjì, a gbin ọ̀kan bẹ́ẹ̀, a sì rì èkejì bọ omi. Èyí tí a rì bọ omi hù kún ebè láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ti èkejì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé. Èèpo irúgbìn ewédú le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Omi gbígbóná ni ó ń là á. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà náà kò ka ìwé.

A kò sọ pé irúgbìn inú agolo burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń rà á mọ ohun tí ó ń rà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí láti ara òbí méjì tí ó yàtọ̀ síra. Ọmọ náà yóò lágbára, yóò sì so dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá tún irúgbìn inú rẹ̀ gbìn, àwọn ọmọ-ọmọ kì í jọ ara wọn mọ́. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Ní 2021 a ṣe òfin ní Nàìjíríà tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá mú irú ohun ọ̀gbìn tuntun jáde. A kò bá òfin náà jà. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ń ṣọ́ ti àtijọ́, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀?

Ẹnì kan yóò ní àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn nìkan, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ wà láti 1975. IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ní irú ẹ̀wà tí ó ju 15,000 lọ ní ìpamọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ó sùn nínú yàrá òtútù kò mọ òjò ọdún yìí, kò sì sí ìyàwó ilé tí yóò lọ tọrọ rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo wa ń ṣe. Ilá tí ó dára jù ni a ń ká jẹ, èyí tí ó bá gbó sórí igi nítorí pé a gbàgbé rẹ̀ ni a ń fi ṣe irúgbìn. Bẹ́ẹ̀ ni a ń yan aláìlágbára lọ́dọọdún. Ẹ so àkísà pupa mọ́ igi tí ó dára jù nígbà tí ó ṣì kéré, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ká a títí èso rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò fẹ́ là. Ẹ má sì gbin oríṣi ilá méjì sí itòsí ara wọn, nítorí oyin kò mọ ààlà. Ní ti tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ fi bí ìdí mẹ́wàá sílẹ̀ láìjá ewé wọn. Bí orí rẹ̀ bá gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú igbá, kí ẹ sì fẹ́ ẹ. Gbúre àti ewúro kò ní wàhálà, ẹ̀ka ni a ń gé gún. Irúgbìn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa lábẹ́ ibòòji kí ó tó wọ ìgò, kí a fi eérú gbígbẹ pò ó, kí a sì dé e pinpin. Láyé àtijọ́, orí ààrò ni a ń so ó rọ̀ sí, èéfín a sì máa lé kòkòrò. Gáàsì tí a fi ń dáná báyìí kò ní èéfín tí yóò bá wa ṣọ́ nǹkan.

Ẹ má sọ pé àyè kò sí. Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíìlì kò ní ilẹ̀ tiwọn, síbẹ̀ ọbẹ̀ ewé kan wà níbẹ̀ di òní tí wọ́n ń fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè: efó ni wọ́n ń pè é. Àwa tí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a kò ha lè hú ìdajì sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé wa?

Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní oṣù tí ń bọ̀, agbọ̀n kan yóò wà ní ẹnu ọ̀nà. Kí olúkúlùkù mú irúgbìn kan wá láti ilé rẹ̀ tàbí láti abúlé rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ẹ̀fọ́ náà sára rẹ̀, àti ibi tí ó ti wá, àti ọdún tí a ká a, àti orúkọ ẹni tí ń pa á mọ́ tẹ́lẹ̀. Ilá gíga ni a ń wá jù. Ìyá àgbà tí ó fi ewédú ránṣẹ́ níjọ́sí ti tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ nínú rẹ̀, kí ó mú ìgò tirẹ̀ wá.