Bí ọmọ bá kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ni ká ṣe ká tó sin ín?

Òbí tó bá ní ọmọ ní yunifásítì Òkìtìpupa, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ láàárín Òde-Ayé àti Ìgbótako, mọ ẹ̀rù tí a fẹ́ sọ yìí. Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ kò tíì wọlé, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Láyé àtijọ́, olè tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ ni ọkàn ìyá máa ń sá lọ bá. Ní báyìí, àgọ́ ọlọ́pàá ti kún un. Àbí wọ́n ti mú un nítorí irun orí rẹ̀, tàbí nítorí kọ̀ǹpútà tó gbé kọ́ ẹ̀yìn?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 tí àwọn ọ̀dọ́ ti jáde ni àríyànjiyàn ti ń lọ ní Nàìjíríà lórí bí agbára tí ọlọ́pàá lè lò nígbà tó bá ń mú èèyàn ṣe yẹ kó mọ, àti ẹni tó yẹ kó bi í léèrè bó bá kọjá ààlà. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tó fi mọ́ Oǹdó tiwa, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Wọ́n ti sọ ìyẹn tó. Ohun tí a kì í sọ ni ipa tí àwa fúnra wa, ìdílé Mùsùlùmí àti àwa ààfáà, ń kó láìmọ̀ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó kú: a máa ń yára sin ẹ̀rí mọ́ òkú.

Bí a bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Ore lọ sí ìhà Èkó, a ó kan Ṣàgámù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú Tiamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020. Àwọn ọlọ́pàá gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n kọrí sí Abẹ́òkúta. Kò dé ibẹ̀ láàyè. Ọlọ́pàá ní ó fò jáde nínú ọkọ̀ ni, tí ọkọ̀ mìíràn fi gbá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ mú ní wọ́n tì í jáde ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ìwọ́de ti gba ìlú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn, kí ẹ sì wo ohun tí òfin sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 33, sọ pé bí èèyàn bá kú nítorí agbára tí kò ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n lò láti mú un lọ́nà òfin tàbí kó má baà sá lọ, kì í ṣe pé wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Ìdí rèé tí “ó fẹ́ sá lọ ni” fi máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Òkú kò lè fèsì. Ara rẹ̀ nìkan ló lè fi hàn bóyá ọta gba iwájú wọlé tàbí ẹ̀yìn, bóyá egungun rẹ̀ kán, bóyá ojú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ara yìí kan náà ni a ń wẹ̀, tí a ń dì sí aṣọ funfun, tí a sì ń bò mọ́lẹ̀ kí ìrun Àsárì tó pé.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló ní ká yára gbé òkú lọ, a kò sì ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ànábì yìí kan náà ni wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan tó jẹ gbèsè dínárì méjì wá bá, tí kò kírun sí i lára títí Abú Qatádà fi ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn. Ẹ̀tọ́ èèyàn lè dá òkú dúró díẹ̀. Bí owó dínárì méjì bá lè dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Àwọn àgbà onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Saudi gbà á láàyè ní ọdún 1976, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì ti Rábítà ní Mọ́kà náà sì gbà á ní ọdún 1987, pé dókítà lè yẹ òkú wò bí ẹ̀sùn ìpànìyàn bá wà nílẹ̀ tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti mọ ohun tó pa á. Ti Mọ́kà fi kún un pé kí wọ́n má ṣe ju ohun tó di dandan lọ, kí dókítà obìnrin sì máa yẹ òkú obìnrin wò àyàfi bí wọn kò bá rí i. Nítorí náà, ààfáà tó bá ní èèwọ̀ pátápátá ni, kó tún ìwé rẹ̀ kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ń wẹ òkú. Ẹ̀sìn ní kí ẹni tó wẹ òkú bo àléébù tó bá rí mọ́lẹ̀. A ti gbọ́ kí wọ́n fi èyí pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ojú ọgbẹ́ kì í ṣe àléébù òkú. Ti ẹni tó dá a sí i lára ni.

Àwọn kan á ní kádàrá ni, kí ìdílé dárí jì. Àforíjì dára, ó sì ní èrè. Ṣùgbọ́n ta ni a ń forí jì, kí ló sì ṣe?

Pé ẹ̀rí lè ṣiṣẹ́, Èkó ti fi hàn wá. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìbọn ọlọ́pàá pa agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem tòun ti oyún inú rẹ̀, ní Ajah. Nínú ẹjọ́ ASP Drambi Vandi, ọlọ́pàá bíi tirẹ̀ ló wá jẹ́rìí nípa ìwé tí wọ́n fi ń kọ iye ọta tí wọ́n bá fún ọlọ́pàá àti iye tó bá dá padà: ọta méjì ló dín. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ Ibironke Harrison dá a lẹ́bi, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Àkọsílẹ̀ lásán ni ìwé yẹn, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé, kì í sì í bẹ̀rù ọ̀gá.

Kí ọ̀rọ̀ má sì tó di ti òkú, ẹ mọ ìwọ̀nba wọ̀nyí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Ilé ẹjọ́ wà ní Òkìtìpupa, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá mú níbi tí kò ju kìlómítà 40 síbẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí wọn kò bá fún un ní béèlì. Òfin tó de ìfìyàjẹni, ti ọdún 2017, fún un ní ẹ̀tọ́ sí dókítà tó bá yàn fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá sì fìyà jẹ ẹ́ kò lè ní ọ̀gá ló rán òun.

A mọ̀ pé ọlọ́pàá náà ń kú. A kò gbàgbé Ọ̀wọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, a sì mọ ohun tí ajínigbé ń ṣe nínú igbó wa. Ẹni tí wọ́n jí èèyàn rẹ̀ gbé yóò ní kí wọ́n pa ẹni tí wọ́n bá mú lójú ẹsẹ̀. Ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Àwa ará ìlú pàápàá ń dáná sun ẹni tí wọ́n bá pariwo olè lé lórí, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Ìbínú náà ló fọ́ ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí ẹlẹ́wọ̀n 58 fi sá lọ. Kò sí ìdílé kankan tó rí ìdáhùn gbà nínú ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin Lèmọ́ọ̀mù wa, ní Òkìtìpupa àti níbikíbi, bí wọ́n bá gbé òkú ẹni tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá wá fún yín láti kírun sí i lára, ẹ kọ́kọ́ bi ìdílé bóyá dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọ́n ti ya àwòrán ọgbẹ́ rẹ̀, bóyá lọ́yà ti kọ̀wé sí adájọ́ májísíréètì. Bí wọ́n bá ní rárá, kí wọ́n gbé e padà sí mọ́ṣúárì. Ìrun òkú náà kò ní lọ.